Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Etí Ìyá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú tí mo wà yìí ni pé èèyàn kì í pe èèyàn ní ìgboro. Mo lè rìn láti ilé dé ibùdókọ̀, kí n sì rìn padà nírọ̀lẹ́, kí n má gbọ́ orúkọ kankan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, wọn kì í fọn fèrè. Ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn, kí n tó yọ láti agbo ilé wa sí títì, èèyàn mẹ́fà á ti pè mí: ọ̀kan láti ojú fèrèsé òkè, ọ̀kan láti ìdí kànga, ọ̀kan tí kò tilẹ̀ ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń yí orí padà lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tó pè mí.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ aláṣọ kan ní Ògùnpa ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn aṣọ. Aṣọ tí mo bá ti wọ̀n, ẹnikẹ́ni kì í tún un wọ̀n. Nínú agbo ilé wa náà, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè pé, "Ìwọ, kí lo rí?" torí wọ́n mọ̀ pé n kì í fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Iyì yẹn ni mo fi ba ti ìyá mi jẹ́. Òkèèrè ni mo wà kí n tó mọ bí mo ṣe bà á jẹ́ tó.

Iṣẹ́ tí mo rí níbí ni kí n máa tún ilé ìwádìí kan ṣe ní yunifásítì. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fi ṣe ìkẹyìn. Fóòmù ló bo ògiri rẹ̀ àti àjà rẹ̀. Bí mo bá wúkọ́ nínú rẹ̀, ikọ́ náà á kú sí mi lẹ́nu. Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín, sípíkà kéékèèké sì yí i po bí ọmọ ilé kéú tó yí àáfà ká. Ọmọbìnrin tó ń ṣe olórí ibẹ̀ ń jẹ́ Helen. Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n orúkọ mi gan-an ló ń pè mí, kò sí àǹtí, kò sí màmá. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó yẹ kó wá jókòó fún un kò wá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń nu ilẹ̀.

"Ṣé etí rẹ dára?"

Mo ní, "Ó ń gbọ́."

"Jọ̀ọ́, wá jókòó fún mi fún ogún ìṣẹ́jú."

Ìró ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, fún àwọn ilé ìkẹ́rù ńlá, níbi tí ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé ẹrù ti máa ń fi ẹ̀yìn rìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Helen ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ìró ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè méjì kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀: kí ló ń bọ̀, ibo ló sì ń gbà bọ̀? Ó ní èyí tó ń dún píìn, píìn, píìn, tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ìbéèrè kìíní nìkan ló ń dáhùn. Èèyàn á mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, á wo òsì, á wo ọ̀tún, kò ní mọ ibi tó yẹ kó yà sí.

Wọ́n fi aṣọ dí mi lójú, wọ́n fún mi ní ọ̀pá kan. Bí ìró bá dún, kí n na ọ̀pá sí ibi tó ti wá, kí n sì sọ ohun tó jẹ́: ọkọ̀ ni, iná ni, tàbí ẹrù tó fẹ́ já lulẹ̀. Nígbà tí a parí, Helen wo ohun tó kọ sílẹ̀, ó ní, "Ìgbà mẹ́rin lo sọ pé o kò mọ̀."

"N kò mọ̀ ni."

"Àwọn yòókù máa ń méfò."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó lórí àga náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti gbálẹ̀ tán.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Sàídátù, àbúrò mi, lórí fóònù, ó kígbe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí ẹ jókòó kí ẹ máa gbọ́ ariwo? Iṣẹ́ nìyẹn? Ẹ wá sí Bẹẹrẹ ní ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ ọ yó!"

"Ìyá wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó."

Ìdáhùn tó máa ń fún mi nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá bèèrè. Wọ́n jókòó. Kí ọ̀kadà tó gbá wọn, kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá mi. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀ ní Ọjà'ba, Ìyá Olówùú ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n lè mú òwú tó bá aṣọ rẹ mu láìwo aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀.

Àwọn tí mò ń bá pàdé níbí máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo máa ń ní Ìbàdàn, wọ́n á mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti ṣàlàyé Òkè Mápó fún obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, bí páànù orí ilé ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ kan títí dé ibi tí ojú ò tó mọ́. Ó ní ó dára, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e. Nínú yàrá fóòmù nìkan ni wọ́n ti ń bi mí ní "níbo?" tí mo sì mọ̀ pé ẹni tó bèèrè fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ kan, Helen bi gbogbo àwa tó ń jókòó fún un pé irú ìró wo ló máa ń jẹ́ kí èèyàn yí orí padà nílùú kálukú wa. N kì í sọ̀rọ̀ ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Mo ní ní Ọjà'ba, alábàárù tó ru ẹrù wúwo máa ń ké pé "Àgò o!" Ṣùgbọ́n bí ariwo ọjà bá bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, á pa eyín pọ̀, á ní "Ssss! Ssss!" Gbogbo orí á yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà á sì là.

"Ṣe é kí a gbọ́," ni Helen wí.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ó dí àwọn tó wà níbẹ̀ lójú, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n máa rìn kiri láìdún, kí n máa ṣe é láti ibi tó bá wù mí. Ibikíbi tí mo bá dúró sí, ìka gbogbo wọn á nà sí mi. Helen ní ohun tó fà á ni pé ìró píìn jẹ́ ẹyọ ohùn kan ṣoṣo. Èyí tí a ń fi eyín ṣe ní àwọn ohùn kéékèèké púpọ̀ nínú, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí iyanrìn tí a dà sórí páànù, etí méjèèjì sì rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti ṣe ìró tuntun fún ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ṣàà, ṣàà, ṣàà, Helen sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i. Inú mi dùn débi pé mo dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Mo ní bí mo bá délé, màá pe ìyá mi, màá sọ fún wọn pé Ọjà'ba ti wọ yunifásítì.

N kò tíì pè wọ́n nígbà tí Helen mú fóòmù kékeré kan wá tí a ń tì bọ etí.

Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí etí kan wọn kò gbọ́, òun sì fẹ́ mọ bí ìró tuntun wa ṣe máa rí létí wọn. Ó ti fóòmù náà bọ etí mi òsì, ó tún dé nǹkan tó nípọn lé e. Mo jókòó, wọ́n dí mi lójú. Ìró dún, mo na ọ̀pá. Ó tún dún, mo nà án. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere, ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá. N kò sọ "n kò mọ̀" lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú mi, Helen yí ìwé rẹ̀ sí mi kí n lè rí i.

"Wo àwọn wọ̀nyí. Òsì ni wọ́n ti wá. Ọ̀tún lo nà sí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Etí tó ń gbọ́ ló ń fa ìró sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Etí méjì ló ń mọ ibi tí nǹkan wà, ọ̀kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe."

Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi. Mo lọ jókòó sí yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí, mo sì rí ìyá mi ní títì Ọjà'ba bí ẹni pé lánàá ni.

Ọ̀sán ni. Wọ́n ń sọdá bọ̀ wá bá mi. Mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní apá ọ̀tún wọn. Ọ̀kadà gba apá Bẹẹrẹ bọ̀, ìyẹn òsì wọn, ó fọn fèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n sì ń bọ̀. Ọ̀kadà gbá wọn, ẹsẹ̀ wọn òsì ṣẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí jinná, Baba Múfú pe ìpàdé ẹbí. Bàbá mi ti dolóògbé; àbúrò wọn ni Baba Múfú, àwọn sì ni olórí agbo ilé wa. Ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń búra pé òun fọn fèrè. Baba Múfú kọjú sí mi.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé ó fọn ọ́n?"

"Ó fọn ọ́n, ní ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ṣé ìyá ẹ gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́. Mo rí wọn tí wọ́n gbé orí sókè."

"Wọ́n sì ń lọ?"

"Wọ́n ń lọ."

Baba Múfú lu ọwọ́ pọ̀. "Ẹ ti gbọ́ báyìí. Wọ́n kọ etí ikún sí fèrè ọ̀kadà! Ìyá Olówùú, agídí yín ti ń dàgbà jù yín lọ. Ẹ jókòó sílé."

Ìyá mi wò mí. Báyìí ni a ṣe gba ìsọ̀ wọn lọ́wọ́ wọn fún ẹlòmíràn. N kò purọ́ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ ni mo rí. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ọ̀tún ni wọ́n wò. Kò sẹ́ni tó bi mí, n kò sì dá a sọ, torí mò ń múra àtilọ nígbà náà, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn kí n fi ìyá tó jókòó sílé sílẹ̀ ju kí n fi ìyá tó ń sọdá títì lójoojúmọ́ sílẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tó dí gbogbo wa lójú. Nílé wa, a kì í dáhùn ìpè tí a kò bá rí ẹni tó pè. Mùsùlùmí ni wá, Baba Múfú sì ti lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n èyí kò kúrò lára wa: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹnu tó pè é, dákẹ́, o kò mọ ohun tó ń pè ọ́. Kò sí ẹni tó pa á mọ́ tó ìyá mi. Bí a bá pè wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á dúró, wọn kò ní dáhùn títí ẹni náà á fi dé iwájú wọn. Baba Múfú máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó ilé pé, "Ẹ wo Ìyá Olówùú, wọn kì í jẹ́ kí ẹnu ṣáájú ojú." A rò pé àṣà ni wọ́n ń pa mọ́. Wọn kò mọ ibi tí ìpè ti wá ni.

Mo pe ilé ní ọjọ́ kejì. Mo ní kí Sàídátù gbé fóònù sí etí ọ̀tún wọn, kó sì kúrò níbẹ̀.

"Ìyá mi, láti ìgbà wo ni etí yín òsì kò ti gbọ́ mọ́?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ etí mi?" Mo gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀ lóhùn wọn. "Nígbà tí mo bí Sàídátù ni. Ibà ni. Nígbà tí ibà ń lọ, ó mú un dání."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Kí n sọ ọ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa dúró sí apá òsì bú mi?"

"Ọjọ́ ìpàdé yẹn ńkọ́? Ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ìwọ lo jẹ́rìí. Bí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wa á di òpùrọ́. O sì ń lọ sí ìlú tí a kò mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o gbé orúkọ yẹn lọ."

Mo ní kí wọ́n má bínú, pé màá pe Baba Múfú.

"Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti kó o padà. Lójú gbogbo wọn."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ẹbí, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Sàídátù gbé fóònù sórí tábìlì láàárín pálọ̀ Baba Múfú, ó ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Mo ṣàlàyé etí ìyá mi, mo ní èmi ni mo ṣì wọ́n sọ. Baba Múfú wúkọ́.

"Fèrè dún, wọ́n gbọ́ ọ, o sì ní wọn ò mọ ibi tó wà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Baba, ẹ fi ìka ti etí yín òsì pa, ẹ di ojú. Sàídátù, ṣe bí alábàárù."

Mo gbọ́ "Ssss!" Lẹ́yìn náà ni pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ògiri ni Baba kọjú sí! Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń wá Sàídátù lára ògiri!" Baba Múfú fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohùn wọn yí padà. "Ìyá Olówùú, ẹ má bínú sí wa. A ti ṣẹ̀ yín." Wọ́n ní àwọn á lọ rí ìyálọ́jà nítorí ìsọ̀ náà. Gbogbo èèyàn tún ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa fóònù, mo sunkún, mo rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe ìyá mi.

"Ṣé ara yín ti fúyẹ́ sí ohun tí mo sọ lánàá?"

"Kí lo sọ?"

"Níbi ìpàdé, Ìyá mi."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi ẹ̀rín. Mo rò pé èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délé ni Sàídátù sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnu Sàídátù kọ́ ló jẹ́rìí sí mi."

Ó yẹ kí n mọ̀. Lórí àga yẹn, lọ́jọ́ mìíràn tí fóòmù tún wà létí mi, mo ti gbìyànjú láti mú ohùn kan jáde láàárín ohùn púpọ̀, n kò rí i mú. Síbẹ̀ mo fi wọ́n jókòó sáàárín pálọ̀ tó kún, mo gbé ohùn mi sórí tábìlì, mo sì pè é ní ẹ̀bẹ̀.

Nítorí náà, mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Mo sì sọ èyí tí n kò sọ ní pálọ̀: pé mo rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀tún ni wọ́n wò, pé mo fi í pamọ́, torí mo fẹ́ lọ.

"Ṣé o ti sọ tán?" ni ìyá mi bi mí.

"Mo ti sọ tán."

"Mo mọ̀ pé o rí i. Ìwọ ni mo rí níbẹ̀. Mo gbọ́ ariwo, mo wo ibi tí mo rò pé ó ti wá, mo sì rí ẹ. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ ẹ ni mò ń bọ̀ nígbà tó gbá mi."

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Ìyá mi."

"Mo gbọ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Nípa ti ìsọ̀, kí Baba Múfú má da ara wọn láàmú. Ẹsẹ̀ yìí ti jókòó pẹ́ jù, kò tún lè lọ Ọjà'ba. Ṣùgbọ́n èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, wọn ò tíì gbọ́ ọ. Ìpàdé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ni màá di fóònù mú lọ́wọ́ ara mi. Bí o bá ti ń sọ ọ́ sí mi létí, èmi á máa sọ ọ́ fún wọn."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí kí ìpàdé náà tó dé. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sílẹ̀. Kò gùn, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.